Kọ́kọ́rọ́ Mi Kò Ṣí Ilé Tí Mo Rà ní Nunhead

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lẹ́nu ọ̀nà ilé tí mo fi owó ara mi rà. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, àmọ́ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rín jìnnà sí mi.

Àwọn tó mọ̀ mí ní Peckham, ní London níbí, mọ̀ pé iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì ní kùtùkùtù lọ wẹ ìyá oníyàá àti bàbá oníbàbá, kí n tó lè tu owó jọ ra ilé kékeré kan ní Nunhead. Yàrá méjì ló ní lókè, pálọ̀ àti ilé ìdáná nísàlẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yìnkùlé tí ẹní mẹ́ta máa kún. Èmi àti Kádì ọmọ mi kì í gbé ibẹ̀ o. Mo rà á láti fi gba rẹ́ǹtì ni, nítorí eékún mi ti ń kìlọ̀ fún mi pé òun ò ní bá mi gbé arúgbó dìde títí ayé. Ilé yẹn ni mo gbójú lé fún ọjọ́ ogbó.

Báwo ni mo ṣe kọ́ iṣẹ́ onílé? Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni. Wọ́n ní ilé oníyàrá mẹ́wàá ní Ìwó. Láràárọ̀, wọ́n á máa lọ láti ẹnu yàrá dé ẹnu yàrá: ṣé ẹ jí ire, ṣé ara ọmọ yẹn ti yá, ta ló fi omi ṣòfò nídìí kànga? Wọ́n mọ ẹni tí kò sùn sílé. Wọ́n mọ ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, àwọn náà ni wọ́n sì máa ń parí ìjà ọ̀hún. Onílé tí kì í yọjú, ṣé onílé nìyẹn?

Ayálégbé mi ní Nunhead, Bùsáyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Iléṣà ni, agbẹ̀bí ni ní ọsibítù, òru ló sábà máa ń ṣiṣẹ́. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, rẹ́ǹtì rẹ̀ kì í fi ọjọ́ kan pẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá wo ilé ló ti kúnlẹ̀ kí mi, tó pè mí ní Mummy. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo ti di ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Gbogbo ọjọ́ Tọ́sìdeè tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, màá gba Rye Lane kọjá, màá ra ẹja àti tàtàṣé, màá se ọbẹ̀, màá rọ ọ́ sínú ike, ó di Nunhead. Màá ti kọ́kọ́rọ́ mi bọ ilẹ̀kùn, màá wọlé. Bí Bùsáyọ̀ kò bá sí nílé, màá gbé ọbẹ̀ sínú fíríìjì, màá bá a fọ abọ́. Bó bá ń sùn lókè, màá rọra rìn kí n má bàa jí i. Ṣé ẹ rí i pé mo láàánú? Mo tún àwọn ìkòkò rẹ̀ tò, torí bó ṣe tò wọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́jọ́ kan mo sún àga rẹ̀ kúrò nídìí fèrèsé. Nígbà tí mo padà débẹ̀, ó ti dá a padà. Mo tún sún un. Mo rò pé a jọ ń ṣeré ni.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Sìkírá, wá kí wa láti Ìwó, ṣé mi ò ní fi ilé hàn wọ́n ni? A wọlé. Mo fi ilé ìdáná hàn wọ́n, mo fi pálọ̀ hàn wọ́n, a gun òkè, mo sì ṣí yàrá ńlá. Bùsáyọ̀ ta gìrì lójú oorun. Ó fa aṣọ ìbora dé ọrùn, ó kúnlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà." Ẹ̀gbọ́n mi ṣàdúrà ọkọ rere fún un níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó ṣe àmín. Nígbà tí a ń lọ, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ṣé wọ́n rí bí ọmọ náà ṣe lẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, torí nǹkan mìíràn ló gba ọkàn mi nígbà yẹn. Mọ́géèjì, ìyẹn owó tí mo yá fi ra ilé náà, ti bánkì tó ń gba èlé ni. Nígbà tí mo rà á, mi ò mọ ọ̀nà mìíràn. Mùsùlùmí ni mí, ọ̀rọ̀ èlé yẹn ń jẹ mí lọ́kàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àdéhùn ọdún márùn-ún tí wọ́n fi dá iye tí mò ń san dúró ti fẹ́ tán ní ìparí oṣù. Bó bá tán, iye náà á fò ju rẹ́ǹtì tó ń wọlé lọ. Ibo ni màá ti rí ìyókù? Ṣé kí n tún máa gbé arúgbó dìde lóru àti lọ́sàn-án? Ká má fọ̀rọ̀ gùn, bí mi ò bá rí ọ̀nà mìíràn kí oṣù tó parí, àfi kí n ta ilé náà.

Ọlọ́run ṣe é, ẹnì kan ní mọ́sálásí júwe bánkì kan tí kì í gba èlé fún mi. Ètò tiwọn ni pé wọ́n á bá mi san gbèsè bánkì àkọ́kọ́, àwọn àti èmi á wá jọ ni ilé náà, màá sì máa ra ìpín tiwọn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tèmi. Mo kọ gbogbo ìwé tí wọ́n ní kí n kọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù: wọ́n á rán ẹnì kan wá yẹ ilé wò, kó lè sọ iye tó tó. Wọ́n fi í sí ọjọ́ Wẹ́sìdeè, aago mọ́kànlá.

Ṣé mo sọ fún Bùsáyọ̀? Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ṣebí ilé mi ni.

Òyìnbó gíga kan ló wá, ó gbé àpò kọ́ èjìká. Mo kí i pẹ̀lú ọ̀yàyà, mo yọ kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ kò wọlé. Mo yí i sódì, kò wọlé. Mo fi etí aṣọ mi nù ún, mo ṣe bísímílà, mo tún tì í. Kò wọlé. Mo fà sẹ́yìn wo nọ́ńbà ilé, bóyá mo ṣì í mọ̀ ni. Ọkùnrin náà fara balẹ̀ bi mí pé ṣé ó dá mi lójú pé ilé mi nìyí. Ẹ gbà mí!

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé irin ẹnu ilẹ̀kùn náà ń dán. Tuntun ni. Bùsáyọ̀ ti pààrọ̀ rẹ̀. Mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo pè é lórí fóònù, kò gbé e. Ọkùnrin náà dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ní òun ní ilé mìíràn tí òun fẹ́ lọ wò ní New Cross, àti pé ọjọ́ Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun tún lè ráyè. Mo ka ọjọ́ lórí ìka. Bí ti Tọ́sìdeè yẹn bá tún bọ́, a ò ní bá oṣù mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí mi. Láti Nunhead dé Peckham, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, mi ò mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ń kọjá. Lẹ́tà tí màá fi lé e jáde ni mò ń kọ lọ́kàn. Èmi tí mò ń se ọbẹ̀ fún un! Èmi tí mò ń fọ abọ́! Òun ló wá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta níwájú òyìnbó.

Kádì ti dé láti yunifásítì nígbà tí mo wọlé. London la bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ń ṣe bó ṣe mọ, àmọ́ ẹnu rẹ̀ mú. Mo rojọ́ fún un, mo ń retí kí ó bá mi bínú. Ìbéèrè ló fi dá mi lóhùn.

"Mummy, wait. Ẹ ti ń wọlé with your own key? Every week?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣé olè ni mí ni?

"Mummy, ẹ ò lè just máa wọlé bẹ́ẹ̀ yẹn. You have to tell her, like, a day before. It's her house."

Mo ní ilé ta? Ó ní, "On paper, tiyín ni. But òun ló ń sùn níbẹ̀."

Mo sọ fún un pé Bùsáyọ̀ kò ṣàròyé fún mi rí. Kádì ní kí n gbé fóònù wá. Ó ṣí ibi tí èmi àti Bùsáyọ̀ ti máa ń kọ̀wé síra wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

Àkọ́kọ́ lọ báyìí: "Ẹ káàsán mà, Mummy. Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ ṣé gan-an fún ọbẹ̀ mà, ó dùn. Mummy, ẹ jọ̀ọ́ mà, bí ẹ bá fẹ́ wá, ẹ bá mi jẹ́ kí n mọ̀ ṣáájú, torí iṣẹ́ òru mi mà. Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà mà." Èsì tèmi: "Àmín o, ọmọ mi. Ìwọ náà á dàgbà, wàá dògbó."

Èkejì wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀rọ̀ àga àti ìkòkò wà láàárín rẹ̀, àdúrà wà níwájú, àdúrà wà lẹ́yìn. Mo fèsì pé: "Àmín, àmín, ọmọ dáadáa."

Ẹ̀kẹta wá lẹ́yìn tí Àǹtí Sìkírá lọ. Ó ní kí n má bínú mà, inú òun kò dùn sí bí mo ṣe mú àlejò wọ yàrá tí òun ti ń sùn, kí Olúwa máa ṣọ́ mi ní àlọ àti àbọ̀ mà. Èmi ńkọ́? Mo kọ àmín, mo fi àwòrán òdòdó méjì sí i.

Kádì gbé ọwọ́ lérí. "Mummy. She complained three times and you said amen three times."

Ojú tì mí. Mo tún gba fóònù, mo kà á fúnra mi. Gbogbo ohun tó sọ ló wà níbẹ̀. Àdúrà ni mo rí, torí àdúrà ni mò ń wá. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé àgbà kì í tètè gbà. Mo ní bí ìyá ni mo ṣe ń ṣe sí i.

"She's got a mum," ni Kádì fi dá mi lóhùn. Ó wá ṣe bí ẹni fẹ́ lọ, ó tún padà. "And it's you that taught us at ilé kéú, Mummy. Ẹ ní kí a ṣe sálámà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a tó wọ ilé onílé, bí wọn ò bá dáhùn, ká padà. You flogged Lukman for it."

Òótọ́ ni. Mo na Lukman, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní kéú nígbà yẹn, torí pé ó já wọ ilé onílé.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe bánkì láti bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ díẹ̀. Obìnrin tó gbé fóònù ní kò sí bí àwọn ṣe fẹ́ dá ọjọ́ dúró, àmọ́ ó tún ètò náà ṣàlàyé fún mi. Ó ní títí tí n ó fi rà á tán, àwọn ni yóò ní ìpín tó pọ̀ jù nínú ilé, èmi á sì máa san rẹ́ǹtì lórí ìpín tiwọn. Mo ní kí ó tún un sọ. Rẹ́ǹtì kẹ̀? Èmi? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu ni pé, ṣé wọ́n á wá máa rán èèyàn wọlé nígbà tó bá wù wọ́n? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá o, ọwọ́ mi ni ilé wà, bí àwọn bá ní ohunkóhun í wò, àwọn á kọ̀wé sí mi ṣáájú.

Ó ti pa fóònù tán, mo ṣì gbé tèmi sétí. Èmi tí mò ń pe ara mi ní onílé, ayálégbé ni bánkì ń pè mí. Bí obìnrin yẹn bá wá ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kan láì sọ fún mi, tó wá bá mi tún ìkòkò tò ńkọ́? Wọ́n á gbọ́ igbe mi ní Camberwell.

Mo jókòó láti kọ̀wé sí Bùsáyọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ ọ́. Kádì ń yọ àdúrà kúrò níbẹ̀, ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nígbẹ̀yìn kò gùn: "Bùsáyọ̀, mo ti ń wọ ilé rẹ láì gbàyè. Ohun tí mo ṣe kò dára. Má bínú. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ yẹ ilé wò, mo ní bí ọjọ́ Tọ́sìdeè kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó sọ.

Kò fèsì. Ọ̀sán kọjá, ọkàn mi ò balẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ló pè. Ó kí mi, mo sì gbọ́ ọ tó ń fa imú. Ó ní òun ti rí yàrá kan ní Lewisham, ọjọ́ Sátidé ni òun fẹ́ lọ fọwọ́ síwèé. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún mi.

Mo bi í pé ṣé mo ṣe é níbi tó bẹ́ẹ̀ ni?

"Ẹ ò ṣe mí níbi mà. That's the problem. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń ṣe mí níbi ni, ǹ bá ti sọ̀rọ̀."

Ó ní lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí méjìlá, bí òun bá dé, àga ni òun máa ń fi ti ilẹ̀kùn yàrá kí òun tó lè sùn. Kì í ṣe pé ó ń bẹ̀rù olè. Èmi ló ń fi àga tì. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Mo tún bẹ̀ ẹ́, tìtìjú tìtìjú. Ó ní kí ẹni náà wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ní aago méjì, òun á ti jí, òun á ṣílẹ̀kùn fún un. Lórí ọ̀rọ̀ Lewisham, ó ní òun á ṣì rò ó.

Lọ́jọ́ náà, òdìkejì títì ni mo dúró sí. Ọkùnrin gíga náà wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní ilé dára, àmọ́ òun rí ọ̀rinrin lára ògiri yàrá kékeré, ó sì pọ̀. Bánkì kò ní buwọ́ lù ú àfi tí mo bá tún un ṣe.

Ọ̀rinrin wo? Èmi tí mò ń wọ ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀!

Mo sọdá títì. Bùsáyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wolẹ̀. "Mummy, ó ti tó oṣù mẹ́jọ mà. Mo gbé wọ́dúróòbù dí i ni. Mo rò ó pé bí mo bá sọ fún yín, ojoojúmọ́ lẹ ó máa wá."

Ilé mi ń jẹrà, ayálégbé mi sì ń bò ó mọ́lẹ̀ kí ó má bàa rí mi. Mo bi í pé, "Ṣé mo lè wọlé wò ó?" Ó ní, "Ẹ wọlé mà."

Ọ̀dà ògiri ti ń ṣí, ó ti dúdú. Irin tí òjò ń gbà kọjá létí òrùlé ló ti sán, omi sì ń wọ ògiri. Ẹni tó tún un ṣe wá lọ́jọ́ tí Bùsáyọ̀ yàn, ní wákàtí tí Bùsáyọ̀ yàn. Mo fi àwòrán ránṣẹ́ sí bánkì. Ó ku ọjọ́ méjì kí oṣù parí ni wọ́n pè mí pé wọ́n ti buwọ́ lù ú. Mo forí kanlẹ̀, mo dúpẹ́.

Àmọ́ Bùsáyọ̀ kò tíì sọ bóyá òun ń lọ tàbí òun ń dúró. Sátidé tó sọ ti kọjá, ó dákẹ́, èmi náà ò bi í. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe le tó fún mi! Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni iṣẹ́ rẹ̀ dé: "Mummy, ẹ wá bá mi jẹun lọ́jọ́ Sátidé, aago méjì."

Mo dé ní aago méjì géérégé. Mo tẹ aago. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n jókòó. Mo jókòó. Ìgbà yẹn ló kọ lù mí pé fún ọdún méjì tí Bùsáyọ̀ fi ń gbé ilé yẹn, tí mo ń wọ ibẹ̀, mi ò jókòó níbẹ̀ rí. Ó gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ wá, ọbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sè. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ó dùn ju tèmi lọ. A jẹ, a sọ̀rọ̀, ó sọ fún mi nípa ìyá rẹ̀ ní Iléṣà, tí wọ́n ń ṣe olùkọ́. Nígbà tí mo dìde láti máa lọ, ó ní òun kò lọ sí Lewisham mọ́, òun á dúró.

Ohun tí mo kọ́ rèé, ẹ̀yin onílé ẹgbẹ́ mi. A máa ń wá owó tó mọ́ láti fi ra ilé, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ká tún wo bí a ṣe ń wọ ilé ọ̀hún. Ẹ̀kọ́ tí a fi tọ́ àwọn ọmọ wa kì í jẹ́ kí wọ́n lè wo ojú àgbà kí wọ́n sọ pé rárá, nítorí náà ká má fi "ẹ ṣé mà" ṣe ìwé àṣẹ. Ẹni tí kò lè sọ fún ọ pé má wọlé, kò ní lè sọ fún ọ pé ilé ń jò.

Ó yá, mo ti tú àṣírí tèmi, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Ẹ̀yin onílé, kí lẹ ti ṣe fún ayálégbé yín tí ẹ rò pé oore ni? Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lábẹ́ onílé bíi tèmi gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín. Kí lẹ fi wọ́dúróòbù bò?